Gílóòbù Wo Ni Kí A Rà? Ìlò Ìfiwéra àti Ìṣirò Owó Iná nínú Ìkọ́ni Àròkọ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì wa, bí olùkọ́ èdè Yorùbá bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ aláríyànjiyàn, orí-ọ̀rọ̀ tí ó máa ń fún wọn kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ: ìgbé-ayé ìlú ńlá dára ju ti oko lọ, iṣẹ́ olùkọ́ sàn ju iṣẹ́ dókítà lọ, ọmọbìnrin wúlò ju ọmọkùnrin lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ìdáhùn sí gbogbo wọn kí wọ́n tó mú gègé. Wọn a da òwe bo ibi tí ẹ̀rí yẹ kí ó wà, olùkọ́ a sì fún wọn ní máàkì nítorí pé òwe náà dùn létí. A kò sọ pé òwe kò dára nínú àròkọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó fẹ́ fi hàn pé nǹkan kan sàn ju èkejì lọ gbọ́dọ̀ lè sọ iye tí ó fi sàn jù ú, ọ̀nà tí ó gbà sàn jù ú, àti ẹni tí ó sàn fún. Irú èdè bẹ́ẹ̀ wà nínú Yorùbá. Àwọn ìyá wa ń lò ó lọ́jà lójoojúmọ́. Inú kíláàsì ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di kánjúkánjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Yálà ènìyàn gbà pé ó tọ́ tàbí kò gbà (àwa kò gbà), ohun tí ó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ ni àkókò ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí Yorùbá wọ yàrá ìṣirò mọ́, ẹ jẹ́ kí ìṣirò wọ yàrá Yorùbá.

Gílóòbù ni a mú ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí tí a fi mú un ni pé kò sí ilé tí kò ti ń rà á, owó sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà wà fún ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdìrì kékeré tàbí ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ó sì gba ìgbà ìkọ́ni mẹ́ta.

Orúkọ tí a ń pè wọ́n

Kí olùkọ́ kó gílóòbù mẹ́ta wá sí kíláàsì, kí ó tò wọ́n sórí tábìlì: ti àtijọ́ tí ó ní okùn tín-ín-rín nínú, èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìwo àgbò, àti LED. Kí ó má ṣe pe orúkọ wọn. Kí ó kàn bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ ń pe èyí nílé?"

Ìdáhùn kì í bára mu. Ẹ̀kìíní ni àwọn kan ń pè ní gílóòbù pupa, àwọn mìíràn a ní gílóòbù ayé àtijọ́. Èkejì ni ọ̀pọ̀ ń pè ní enájì, nítorí pé orúkọ tí àwọn ọlọ́jà fi tà á fún wa nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní LED, bí wọ́n ti ń pe lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí olùkọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, kí ó má pa èyíkéyìí rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jọ wo èyí tí ó sọ nǹkan nípa ohun náà àti èyí tí kò sọ nǹkan kan.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àyálò ti máa ń dùn jù lọ. "Gílóòbù" wá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun rìbìtì. Àwọn Haúsá ní orúkọ tí wọ́n fi èdè tiwọn sọ ọ́. Ƙwan lantarki ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹyin iná mànàmáná. Ẹni tí ó bá wo gílóòbù àtijọ́ dáadáa yóò gbà pé ẹyin ni lóòótọ́. "Fìtílà" tí a rò pé tiwa ni láti ìpilẹ̀ wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn náà sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí òwú inú àtùpà. Nígbà tí a kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló gbọ́ èyí tí ó sì dáhùn pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò lè pe okùn inú gílóòbù àtijọ́ ní òwú? A kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní gílóòbù olówùú, orúkọ náà ni a ó sì máa lò nínú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó gba àlàyé ni "iná". Iná ni a fi ń dáná oúnjẹ, iná ni a ń tàn sí yàrá, iná náà sì ni "wọ́n ti mú iná lọ." Àwọn Haúsá ń pe gbogbo wọn ní wuta, àwọn Igbo ń pè wọ́n ní ọkụ. Èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà kan náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n nínú àròkọ tí a fẹ́ kọ yìí, gbólóhùn bíi "iná gílóòbù yìí pọ̀" lè túmọ̀ sí pé ó mọ́lẹ̀ gan-an, tàbí pé ó gbóná, tàbí pé ó ń jẹ owó. Nítorí náà, a ní láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí mítà ń kà ni "iná", ohun tí ojú ń rí ni "ìmọ́lẹ̀", ohun tí ọwọ́ ń mọ̀ ni "ooru".

Wáàtì kì í ṣe ìmọ́lẹ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù, tí àwọn olùkọ́ náà ń ṣe, ni pé wáàtì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà lọ́jà: "Ẹ bá mi mú ọlọ́gọ́ta, èyí tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa." Nígbà tí ó jẹ́ pé irú gílóòbù kan ṣoṣo ni ó wà, ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣìnà púpọ̀. Ní báyìí, ó ń mú kí ènìyàn ra ohun tí kò yẹ kí ó rà.

Wáàtì ni ìwọ̀n iná tí gílóòbù ń jẹ. Lúmẹ̀nì ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fún wa. Gílóòbù olówùú ọlọ́gọ́ta wáàtì ń fúnni ní nǹkan bí 700 lúmẹ̀nì. LED wáàtì mẹ́sàn-án ń fúnni ní nǹkan bí 800. Àpèjúwe tí ó máa ń yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti alágbàro méjì tí wọ́n ro iye ebè kan náà láàárọ̀, tí ọ̀kan jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, tí èkejì sì jẹ ogún. Bí o bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ebè ni o ó kà, kì í ṣe ewé ẹ̀kọ.

Níbo wá ni ẹ̀kọ mẹ́tàdínlógún yòókù lọ? Nínú gílóòbù olówùú, iná ń gba inú òwú tín-ín-rín kan kọjá, èyí tí a fi irin tí a ń pè ní tungsten ṣe. Òwú yìí ń gbóná kọjá ẹgbàá dígírì ìwọ̀n Sẹ́ísíọ̀sì kí ó tó tàn. Bí a bá pín iná tí ó jẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó kéré tán mẹ́sàn-án di ooru. Enájì kò ní òwú. Mẹ́kúrì díẹ̀ tí ó di oru ni ó wà nínú ọ̀pá rẹ̀, tí iná bá kọjá nínú rẹ̀, ó ń mú ìtànṣán kan jáde tí ojú kò lè rí, ìtànṣán náà a kan ẹfun tí wọ́n fi kun inú ọ̀pá, ẹfun a sì tàn. Ti LED yàtọ̀ sí méjèèjì: èérún ohun kan bí orí abẹ́rẹ́ ni ó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ gbóná bí òwú. Èyí tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni ó ṣòro ṣe jù, òun ni a sì nílò kí a tó lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014.

Kí a tó kúrò níbí, kí olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa enájì tí ó bá fọ́. Kí a ṣí fèrèsé, kí gbogbo ènìyàn jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Páálí líle ni kí a fi kó o sínú ohun tí ó ní ìdérí. Nítorí mẹ́kúrì yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Minamata fi fẹnu kò ní ọdún 2022 pé kí ṣíṣe irú rẹ̀ tí a ń lò nínú ilé, àti kíkó o wọ̀lú, dópin ní ìparí ọdún 2025. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lórí àtẹ ni a óò máa rí.

Ìṣirò

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí yúníìtì jẹ́. Yúníìtì kan ni iná tí ohun èlò ẹgbẹ̀rún wáàtì ń jẹ ní wákàtí kan. Gílóòbù ọlọ́gọ́ta tí ó tàn fún wákàtí márùn-ún jẹ ọ̀ọ́dúnrún, ìyẹn mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá yúníìtì. Ní ọdún kan, ó jẹ́ yúníìtì 109.5. Enájì wáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò jẹ 27.4, LED wáàtì mẹ́sàn-án yóò jẹ 16.4.

Iye tí a ń ta yúníìtì kò dúró lójú kan. Fún àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, ₦225 ni ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó di ₦206.80 ní oṣù karùn-ún, ó tún di ₦209.50 ní oṣù keje. Kí olùkọ́ lo iye tí ó wà lórí rìsíìtì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Níhìn-ín, a ó lo ₦200 kí ìṣirò lè rọrùn. Gílóòbù olówùú kan yóò jẹ ₦21,900 lọ́dún, enájì yóò jẹ nǹkan bí ₦5,475, LED yóò jẹ nǹkan bí ₦3,285.

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ₦21,900 ní Yorùbá kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò sá sínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó bá gbìyànjú yóò ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, èyí tí ó tọ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ òǹkà Gẹ̀ẹ́sì tí a wọ agbádá fún. Ẹgbàá mọ́kànlá ó dín ọgọ́rùn-ún ni àgbà yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ₦3,285 jẹ́ ẹgbẹ̀rìndínlógún ó lé márùndínláàádọ́rùn-ún. Àwọn kan ń sọ pé òǹkà wa ṣòro nítorí pé ó ń yọ kúrò. Ní tiwa, a rí i nínú kíláàsì pé yíyọ kúrò yìí ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti rí bí owó ṣe tó lójú ẹsẹ̀: ẹni tí ó sọ pé ẹgbàá mọ́kànlá ó dín díẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń bọ̀ lápò rẹ̀.

Èdè ìfiwéra

Ohun tí a wá ṣe gan-an nìyí. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi 60 àti 9 wéra, yóò kọ pé: "Gílóòbù LED fi ìlọ́po mẹ́fà kéré sí gílóòbù olówùú." Gbólóhùn yìí jọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ìlọ́po kì í dín nǹkan kù; ohun tí a bá lọ́po ń pọ̀ sí i ni. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbé e wá. Yorùbá ní "tó", ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tí a kì í kà sí: "Iná tí gílóòbù olówùú kan ń jẹ tó LED mẹ́fà jẹ, yóò sì ṣẹ́kù." Ó tún lè jẹ́: "Bí LED bá jẹ mẹ́ta, olówùú yóò jẹ ogún." Gbólóhùn méjèèjì péye, wọ́n sì yé ẹni tí kò mọ̀wé.

"Wọ́n" náà gba ìṣọ́ra. "LED wọ́n ju olówùú lọ" jẹ́ òótọ́ ní ìsọ̀ ọlọ́jà, irọ́ sì ni nídìí mítà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ owó tí ó ń sọ: owó tí a fi rà á, tàbí owó tí ó ń jẹ. Láti ibẹ̀ ni a ti lè béèrè ọjọ́ tí èkejì yóò san gbèsè èkíní. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé olówùú jẹ́ ₦500, kí LED jẹ́ ₦2,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni ó wà láàárín wọn. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó tan LED fún wákàtí márùn-ún ń fi ₦51 pamọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, gbèsè ti tán. A máa ń ní kí wọ́n fi gbólóhùn oníbọ̀ kọ èyí, pẹ̀lú "bí", "títí", "kí ó tó", àti "láti ìgbà tí", nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣe àlàyé rẹ̀ láìlo wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Páálí LED sábà máa ń ní in lára pé yóò lò tó wákàtí 15,000, tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọjọ́ bí a bá ń tàn án ní wákàtí márùn-ún lójúmọ́: ó ju ọdún mẹ́jọ lọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí a ṣírò èyí tán. Kò sí ẹni tí ó rí irú rẹ̀ rí nínú wọn. Ó yẹ kí a ṣàlàyé pé kì í ṣe èérún tí ó ń tàn ni ó sábà ń kọ́kọ́ bàjẹ́ bí kò ṣe àwọn èròjà kéékèèké tí ó wà ní ìdí rẹ̀, tí ooru inú ìdérí dígí àti iná tí ó ṣàdédé lọ sókè ń pa. Ayédèrú sì wà lọ́jà. Nítorí náà, kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín "yóò lò tó ọdún mẹ́jọ", "wọ́n ní yóò lò tó ọdún mẹ́jọ" àti "tiwa lo ọdún kan àti oṣù méjì." Àròkọ tí ó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí a yọ máàkì níbẹ̀, bí òwe inú rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Àtakò láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbí: LED ni kí gbogbo ayé rà. Ọmọkùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, àwa ò ní mítà." Bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń mú wá sílé wọn. Yálà wọ́n tan olówùú mẹ́wàá tàbí LED mẹ́wàá, iye tí wọ́n bá kọ ni wọn yóò san. Fún ìyá rẹ̀, gílóòbù tí owó orí rẹ̀ kéré jù ni ó dára jù, ìṣirò wa kò sì ní ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ọmọbìnrin kan fi kún un pé ní ilé oníyàrá púpọ̀ tí àwọn ń gbé, àwọn ayálégbé ń pín owó iná ní iye gílóòbù tí ó wà ní yàrá kálukú, láìbéèrè irú gílóòbù tí ó jẹ́. Ẹni tí ó ra LED ń san lára owó iná ẹni tí kò rà á.

Àtakò méjì yìí ni wọ́n sọ ẹ̀kọ́ náà di àríyànjiyàn. A pa ìwé tí a kọ sílẹ̀ tì, a sì jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹnìkan ní wákàtí méjì péré ni iná ń wà ní àdúgbò àwọn, yúníìtì ibẹ̀ kò sì wọ́n. A ṣírò tirẹ̀ pẹ̀lú ₦60: ₦6.12 ni yóò máa fi pamọ́ lálẹ́, ọjọ́ 246 ni yóò sì gbà kí gbèsè ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ tó tán. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ. Bí LED rẹ̀ bá jó ní oṣù keje ńkọ́? Ẹlòmíràn ní bàbá òun ń sin òròmọdìẹ, gílóòbù olówùú ni ó ń tàn sí wọn. Òótọ́ ni ó sọ: ooru tí a pè ní òfò nínú yàrá ni ó ń mú kí òròmọdìẹ yè nínú àgọ́. Nígbà tí iná bá sì rẹlẹ̀, tí olówùú bá pọ́n bí ẹ̀yìn tí kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́, ọ̀pọ̀ LED ṣì ń tàn bó ti yẹ. Èyí náà jẹ́ ẹ̀rí, kò sì sí nínú ìṣirò owó.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìbéèrè "Gílóòbù wo ni ó dára jù?" kò tó. Ní báyìí, orí-ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sójú pátákó ni: "Gílóòbù wo ni kí ìdílé yìí rà?" A sì ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdílé tirẹ̀: èyí tí ó ní mítà tí ó sì wà ní ìsọ̀rí A, èyí tí ó ń san bíìlì àfojúdá, ayálégbé oníyàrá kan, alásè tí ń ta oúnjẹ lálẹ́ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré, àti ẹni tí ń sin adìẹ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ní ìgbà ìkọ́ni kejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iná ní àdúgbò wọn. Kí wọ́n kọ iye owó, wáàtì, lúmẹ̀nì bí ó bá wà lára páálí, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníkíkọ́ tàbí oníyíyí, nítorí pé gílóòbù tí kò bá ojúhò ilé mu kò níye lórí. Kí wọ́n tún wo nọ́ńbà àwọ̀: 3,000 ń tàn pupa rẹ́súrẹ́sú, 6,500 ń tàn funfun bí ọ̀sán gangan. Kí wọ́n kí ọlọ́jà dáadáa kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun. A ti rí ọmọ tí ó wọ ìsọ̀ ìyá àgbàlagbà kan, tí ó ní "Èló ni LED?", tí wọ́n sì lé e jáde, èyí tí ó tẹ̀ lé e ní "Ẹ kú ọjà o, ìyá, ẹ ó tà o," ó bá ìwé kíkún padà wá, pẹ̀lú ìtàn bí olówùú ṣe di ohun tí àwọn oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè mọ́.

Ìgbà kẹta ni ti kíkọ. A kì í ní kí wọ́n kọ àròkọ sí olùkọ́; lẹ́tà ni a ní kí wọ́n kọ sí ẹni tí yóò san owó náà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ ìpínrọ̀ kan tí a máa ń kà fún wọn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, láti ọwọ́ ọmọ tí ó ń gbé nílé tí wọ́n ti ń pín owó iná:

"Ẹ̀yin bàbá onílé wa, mo kí yín, ẹ kú àbójútó ilé. Ọ̀rọ̀ gílóòbù ni mo fẹ́ fi tó yín létí. Yàrá mẹ́jọ ni ó wà nílé, mẹ́ta nínú wọn ṣì ń tan olówùú. Ohun tí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ń jẹ lálẹ́ kan tó ohun tí yàrá márùn-ún yòókù ń jẹ pọ̀, ó sì lé. Síbẹ̀, iye kan náà ni gbogbo wa ń san. N kò sọ pé kí ẹ bu owó lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ bá wa yọ iye LED mẹ́ta nínú owó iná oṣù kan, kí ẹ rà á fún wọn. Bí mo ti ṣírò rẹ̀, mítà yóò ti dá owó náà padà kí oṣù kejì tó parí."

Kí olùkọ́ ní kí kíláàsì yẹ ìṣirò inú lẹ́tà náà wò. Yàrá márùn-ún tí ó ń tan LED wáàtì mẹ́sàn-án yóò jẹ wáàtì márùndínláàádọ́ta. Olówùú kan yóò jẹ ọgọ́ta. Ọmọ náà ò parọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kejì tí ó dárúkọ dúró lórí ₦200 àti wákàtí márùn-ún, kò sì sọ èyí fún bàbá onílé. Kí wọ́n sọ ibi tí ó yẹ kí ó ti sọ ọ́, àti bí yóò ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni tí ń kọ́ àgbàlagbà ní ìṣirò.